Ẹran àgbọ̀nrín kan, oko kòkó kan

Ẹ̀yin ọdẹ wa, ẹ gbọ́ tèmi. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ lọ́dún tó kọjá, ìbátan wa kan dáná sungbó kí àgbọ̀nrín lè sá jáde. Ó rí ọ̀kan pa lóòótọ́, aboyún ni. Àmọ́ iná náà ràn wọ oko kòkó bàbá mi, ó jó o kanlẹ̀.

Òfin tí mo kà fàyè gbà wá láti gba owó ìtanràn. Mọ̀lẹ́bí ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo dákẹ́. Ṣùgbọ́n kòkó tuntun á tó ọdún 3 sí 5 kó tó so, bàbá mi sì ti lé ní 70.

Kí baálẹ̀ àti olúọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan fòfin de iná ọdẹ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀. Ṣé ajá àti ìbọn ò tó ni?