Bíà dúdú tó korò bí ewúro: báwo ni àwọn adájọ́ ọtí ṣe ń tọ́ ọ wò?

Ẹ bu bíà sínú ife méjì, kí méjèèjì dúdú bíi kọfí. Ọ̀kan jẹ́ sítáòtù, irú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn nílé wa ń pè ní Odeku. Èkejì ni Black IPA ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá fi ojú nìkan wò wọ́n lè má mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbé ife kejì sún mọ́ imú, òórùn èèpo ọsàn ni yóò kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ nípa títọ́ ọtí wò ti bẹ̀rẹ̀: ojú kì í mọ adùn.

Orúkọ tó ń bá ara rẹ̀ jà

IPA ni ìkékúrú India Pale Ale, bíà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kó ránṣẹ́ sí Íńdíà láyé ìjọba amúnisìn, tí wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, sí kó má baà kan lójú omi. Bíà tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Ẹ wá fi "dúdú" síwájú rẹ̀!

Ọ̀pọ̀ òpìtàn bíà gbà pé Greg Noonan ló kọ́kọ́ pọn irú rẹ̀ tà, ní ilé ìpọntí kékeré rẹ̀, Vermont Pub & Brewery, nílùú Burlington ní Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn apọntí ìpínlẹ̀ Oregon àti Washington náà fẹ́ kó jẹ́ ti agbègbè wọn; Cascadian Dark Ale ni wọ́n ń pè é.

BJCP, ẹgbẹ́ tó ti ń fún àwọn adájọ́ bíà ní ìwé ẹ̀rí láti 1985, fi Black IPA sínú ìwé ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2015. Agbára ọtí rẹ̀ máa ń wà láàárín ìdá 5.5 sí 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀n ìkorò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IBU, jẹ́ 50 sí 90, nígbà tí lágà àwọn ará Amẹ́ríkà kì í sábà kọjá 18.

Níbo ni ìkorò ti wá, níbo ni dúdú ti wá?

Họ́ọ̀pù ló ni ìkorò. Òdòdó ewéko kan ni, tó ń gun okùn bí ìtàkùn iṣu ṣe ń gun ọ̀pá. Ewúro ni à ń fọ̀ kí ìkorò rẹ̀ lè dín kù. Họ́ọ̀pù ní tirẹ̀, bó bá ṣe ń pẹ́ tó nínú omi híhó ni ìkorò rẹ̀ ń jáde tó, tí òórùn rẹ̀ sì ń bá ooru lọ. Nítorí náà, apọntí á da díẹ̀ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ìkorò, á sì da òmíràn sí i ní ìparí nítorí òórùn.

Dúdú ní tirẹ̀ ti ara ọkà báálì wá, èyí tí wọ́n jẹ́ kó hù, tí wọ́n mú gbẹ, tí wọ́n sì yan títí ó fi dúdú. Ewu wà níbẹ̀: ọkà tí wọ́n yan bẹ́ẹ̀ lè korò bí iṣu tó jóná. Bí ìkorò yẹn bá pàdé ti họ́ọ̀pù, ọtí bàjẹ́ nìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ apọntí ń ṣe ni pé wọ́n ń lo ọkà tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ kí wọ́n tó yan án, bíi Carafa Special tí ilé iṣẹ́ Weyermann ń ṣe ní Bamberg, Jámánì.

Máàkì 50, ojú gba 3

Nínú ìwé ìdájọ́ BJCP, òórùn ní máàkì 12, ìrísí 3, adùn 20, bó ṣe rí lẹ́nu 5, èrò adájọ́ lápapọ̀ 10.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ Black IPA wò, ẹ má mu ún ní tútù bíi yìnyín, torí òtútù máa ń pa òórùn mọ́lẹ̀. Nǹkan bíi 10°C dára. Ẹ bu ú dé ìdá kan nínú mẹ́ta ife, kí ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé ife síwájú iná: etí ọtí lè pọ́n dẹ̀ẹ̀dẹ̀, ìfófó rẹ̀ sì yẹ kó pẹ́ díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ di imú, kí ẹ mu ẹnu kan. Ìkorò àti adùn díẹ̀ nìkan lẹ ó mọ̀. Ẹ tú imú sílẹ̀: kọfí, ṣokoléètì àti ọsàn yóò dé pa pọ̀. Imú ló ń gbọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní adùn, láti ẹ̀yìn ọ̀fun.

Àwọn àgbà ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Adájọ́ bíà náà ń dúró de ohun tó gbẹ̀yìn. Bí ìkorò bá mọ́, tó ń rọra lọ, ọtí náà dára. Bó bá dà bí ẹni lá eérú, yíyan ti pọ̀ jù. Òórùn bọ́tà ń sọ pé ìwúkàrà kò parí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. Òórùn páálí tútù ń sọ pé atẹ́gùn ti wọlé tàbí pé ọtí ti pẹ́ jù.

Ẹni tó ti pé ọdún 18 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹnu mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì tó fún ìdájọ́, nítorí ahọ́n tí ìkorò ti rẹ̀ kì í mọ ìyàtọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí ojú gba máàkì 3 tirẹ̀, kí imú àti ahọ́n sọ ìyókù.