Ìkọ́ni ní sáyẹ́ǹsì nípa ìwádìí àfọwọ́ṣe

Ìkọ́ni ní sáyẹ́ǹsì nípa ìwádìí àfọwọ́ṣe jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fi ń mọ̀ nípa ayé tó yí wọn ká: wọ́n ń béèrè ìbéèrè, wọ́n ń dán nǹkan wò fúnra wọn, wọ́n sì ń jíròrò lórí ohun tí wọ́n rí. Ó yàtọ̀ sí àkọ́sórí, níbi tí olùkọ́ ti ń kọ ìtumọ̀ sójú pátákó, tí ọmọ sì ń dà á kọ.

Bí ó ṣe ń lọ

Irú ẹ̀kọ́ yìí kò nílò ohun èlò olówó iyebíye. Bí àpẹẹrẹ, olùkọ́ lè béèrè bóyá ẹ̀wà nílò ìmọ́lẹ̀ kí ó tó hù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ kọ ohun tí wọ́n rò sílẹ̀, lẹ́yìn náà wọn yóò gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì. Erùpẹ̀ àti omi inú méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni yóò yàtọ̀. Bí ohun méjì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tó fa ìyàtọ̀.

Ẹ̀wà inú òkùnkùn yóò hù, yóò sì ga ju ti inú ìmọ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n yóò tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ yóò sì ní àwọ̀ pupa rúsúrúsú. Oúnjẹ inú hóró ni ó kọ́kọ́ ń jẹ. Bí èyí bá tán tí kò sì rí ìmọ́lẹ̀, yóò kú. Olùkọ́ kì í tètè sọ ìdí yìí. Ìbéèrè ni yóò máa fi tọ́ wọn sọ́nà.

Ìtàn

Ní ilẹ̀ Faransé, Georges Charpak, ẹni tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ físíìsì ní ọdún 1992, dá ètò La main à la pâte sílẹ̀ ní ọdún 1996 pẹ̀lú Pierre Léna àti Yves Quéré. Nínú ètò náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tó ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ àbájáde ìwádìí sí.

Ipa èdè

Ọmọ tó fojú ara rẹ̀ rí nǹkan lè dákẹ́ bí kò bá ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé rẹ̀. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan lábẹ́ ìdarí Babs Fafunwa. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àdánwò ní sáyẹ́ǹsì, ìṣirò àti àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi wọ́n wé bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta. Àbájáde fi hàn pé àwọn ọmọ kíláàsì àdánwò kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ìpèníjà

Ìwádìí ń gba àkókò, ó sì ṣòro nínú kíláàsì tí èrò kún. Bí ìdánwò ìparí ọdún bá sì ń béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ nìkan, olùkọ́ àti òbí yóò tún padà sí àkọ́sórí.