Nígbà tí Òrùka Bá Pa Réluwéè Orí Tábìlì

Láti ìgbà Kérésìmesì ni lẹ́tà ti ń wọlé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, pàápàá láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa ní Britain àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ra réluwéè orí tábìlì fún ọmọ. Wọ́n to ojú irin, ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀, inú ọmọ dùn. Nígbà tó yá, ọmọ ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ náà yí padà, kó kọjú sí ibi tó ti wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ gbé e. Bàbá ra pọ́íntì kan, irin tó ń pín ojú ọ̀nà sí méjì, àti irin títẹ̀ díẹ̀, ó tò wọ́n yí po bí òrùka títí wọ́n fi padà wá so mọ́ ibi tí wọ́n ti yà. Bó ṣe ki irin ìkẹyìn bọ ara wọn, gbogbo nǹkan dákẹ́. Ọkọ̀ ò mira, iná pupa sì tàn lójú àpótí tó ń darí rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀lé e ló bí mi nínú. Obìnrin kan kọ̀wé pé ọkọ òun gbé àpótí náà lọ sọ́dọ̀ atúnṣe, atúnṣe ní ó ti jóná, ó sì ta òmíràn fún wọn. Wọ́n gbé tuntun délé, iná pupa tún tàn. Àpótí àkọ́kọ́ kò jóná rárá, arábìnrin mi. Ó rí i pé iná ń bríìjì, ó sì pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Bí wọ́n ṣe ṣe é kó máa ṣe nìyẹn. Ká ní ẹni tó gbowó yín béèrè bí ẹ ṣe to ojú irin yín, ì bá ti mọ ibi tí àrùn wà kó tó fọwọ́ kan ohun èlò kankan.

Mi ò ní máa ṣàlàyé bí iná ṣe ń gba ẹsẹ̀ ọkọ̀ dé inú mọ́tò rẹ̀. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ẹ ṣáà rántí pé irin méjì náà kì í ṣe ọ̀kan náà. Irin ọ̀tún gbé pọ́sítíìfù, irin òsì gbé nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn ló sì ń mú kí ọkọ̀ máa lọ síwájú. Ẹ yí bọ́tìnnì sí ọwọ́ kejì, méjèèjì á pààrọ̀ àyè, ọkọ̀ á máa fẹ̀yìn rìn.

Ẹ wá mú bébà, bíró pupa kan àti bíró búlúù kan. Ẹ fa ìlà méjì tó jọ ń lọ, kí pupa wà lọ́tùn-ún, kí búlúù wà lósì. Ẹ fà wọ́n dé ibi pọ́íntì, ẹ gba ẹ̀ka ọwọ́ ọ̀tún wọnú òrùka, ẹ yí i po, kí ẹ sì padà wá sí pọ́íntì náà láti ẹ̀ka ọwọ́ òsì. Ẹ má gbé bíró kúrò lórí bébà. Ẹ ó rí i pé pupa ló wà níta òrùka látòkèdélẹ̀, búlúù ló wà nínú. Nígbà tí pupa bá sì padà dé pọ́íntì, orí ìlà búlúù tí ẹ kọ́kọ́ fà ni yóò já sí. Pọ́sítíìfù fẹnu ko nẹ́gẹ́tíìfù. Kì í ṣe pé ẹ tò ó lódì o. Kò sí ọ̀nà kankan tí ẹ lè gbà to irú òrùka bẹ́ẹ̀ tí kò ní rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀báà jẹ́ irin olówó gọbọi lẹ rà.

Àwọn kan ti ń jiyàn pé àwọn rí àwòrán yẹn gan-an nínú ìwé àtijọ́, àti pé ó ṣiṣẹ́ fún ẹni tó yà á. Òótọ́ ni, ó ṣiṣẹ́ fún un, torí pé irin mẹ́ta ni tirẹ̀. Láti 1906 ni Lionel, tó bẹ̀rẹ̀ ní New York, ti ń ta ojú irin onírin mẹ́ta: ti àárín ló ń gbé iná wá, àwọn méjì ẹ̀gbẹ́ ló jọ ń gbé e padà. Títí dòní ni Märklin ti ilẹ̀ Jámánì ń to ṣóńṣó irin kéékèèké sáàárín ojú irin tirẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn kan náà. Hornby Dublo ti Britain náà lo irin mẹ́ta láti 1938, ọdún 1959 ni wọ́n tó gbé onírin méjì jáde. Lórí irú ojú irin bẹ́ẹ̀, ọ̀tún àti òsì kò yàtọ̀ síra, ẹ yí i po bó bá ṣe wù yín. Ẹ ṣe àdàkọ àwòrán náà sórí irin méjì, ó di wàhálà. Ó yẹ kí àwọn tó ń ta ìwé wọ̀nyí máa sọ èyí fún oníbàárà.

Ojú lásán kò lè fi òrùka yìí hàn yín. Àwòrán kan wà tó ní orí ńlá méjì, tí ọ̀nà méjì sì fara kínra láàárín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní òrùka méjì nìyẹn, ẹ̀rù á sì máa bà wọ́n. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Òbìrí lásán ni tí wọ́n fún nínú, pupa kò sì kúrò níta rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ pé àyè kéré, kó wá pa ọ̀nà méjì àárín yẹn pọ̀ di ẹyọ kan: òrùka méjì tó ń bríìjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ yẹn. Ojú irin onígun mẹ́ta ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, àti ọ̀nà àbùjá tí wọ́n fi dábùú inú òbìrí láti igun kan sí ìkejì. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ ni pé kí ẹ gé bébà kékeré kan tó ní ẹnu ṣóńṣó, ẹ gbé e sórí àwòrán, ẹ máa tì í gba gbogbo ibi tí ọkọ̀ lè gbà, níwájú àti lẹ́yìn. Bó bá lè padà sí ibi tó ti gbéra, tí ẹnu rẹ̀ sì kọjú sí òdìkejì, pupa ń pàdé búlúù níbì kan nínú àwòrán yẹn. Orí bébà ni kí ẹ ti mọ èyí, kí ẹ tó kan ìṣó kankan mọ́ pákó.

Ọ̀nà àbáyọ kò le. Ẹ já irin méjèèjì ní ẹnu ọ̀nà òrùka, ẹ tún já méjèèjì ní ibi àbájáde, kí ẹ sì fi ìsorin oníke dípò ti onírin. Apá tó wà láàárín àlàfo méjèèjì ti dá dúró nìyẹn. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì àpótí yín kò lè yí òrùka àti ojú ọ̀nà gbọọrọ padà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń yí gbogbo rẹ̀. Ibi tí àwọn tó ti já irin tún ti ń kọsẹ̀ nìyí. Fún ẹni tó ń lo iná DC lásán, èyí tí kò wọ́nwó jù ni kó gba inú dáyóòdù mẹ́rin fún òrùka ní iná. Dáyóòdù kò ní jẹ́ kí iná inú òrùka yí, ohun yòówù kí bọ́tìnnì ṣe. Ọkọ̀ á wọlé, ẹ ó rí i tó rọra dẹ eré díẹ̀, torí pé dáyóòdù ń jẹ nǹkan bíi fóòtì kan ààbọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ ìkẹyìn bá ti kọjá àlàfo, ẹ yí bọ́tìnnì. Ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, á máa bá tirẹ̀ lọ, nígbà tó bá sì fi máa dé ibi àbájáde, iná ojú ọ̀nà ti bá tirẹ̀ mu. Ohun kan tí ẹ ó fi sílẹ̀ fún èyí ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọkọ̀ ó máa gbà yípo.

Ẹ kíyè sí ohun tí mo wí: ẹsẹ̀ ìkẹyìn. Apá tó dá dúró gbọ́dọ̀ gùn ju ọkọ̀ lọ látorí dé ìrù. Bí kọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn bá ní táyà onírin, tó ṣì tẹ àlàfo àbáwọlé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tẹ ti àbájáde, ẹ ti bríìjì padà. Irin títẹ̀ ìpele kejì ti ìwọ̀n OO, èyí tí wọ́n ń pè ní R2, ní rédíọ́ọ̀sì 438 mm. Òrùka tí ẹ bá fi ṣe á gba pákó tó fẹ̀ tó mítà kan, ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú kọ́ọ̀ṣì mẹ́rin á sì wọ inú rẹ̀.

Ta ló wá ní mítà kan lófo nínú ilé gbígbà ní London? Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ rò. Cyril Freezer, ọmọ Britain, ya àwòrán kan ní 1957 tó pè ní Minories, ibùdókọ̀ ìpẹ̀kun kan fún àyè tóóró, kò sì sí òrùka kankan nínú rẹ̀. Alan Wright ṣe èyí tó tún kéré jùyẹn lọ, Inglenook Sidings. Pọ́íntì méjì péré, ẹ̀ka mẹ́ta: ọ̀kan gba wágọ̀nù 5, méjì yòókù gba 3, 3. Ìrù tí ẹ́ńjìnnì ń fà sẹ́yìn sí gbọ́dọ̀ gba ẹ́ńjìnnì àti wágọ̀nù 3. Wágọ̀nù 8 ló wà lórí pákó. Ẹ ṣẹ́ kèké, kí ọmọ to 5 jọ bí kèké ṣe mú wọn. Ọ̀nà 6,720 ni kèké lè gbà mú wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ya ìrù yẹn kúrú ní wágọ̀nù kan péré, eré náà bàjẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ sì ni mo rí tí àwọn ènìyàn ń fi ojú bù. Ẹ to wágọ̀nù yín gan-an sórí pákó, kí ẹ wọ̀n wọ́n.

Àwọn tó ń lo DCC, ètò onídíjítà, ní ọ̀rọ̀ òrùka yìí kò kan àwọn, torí pé àṣẹ ló ń bá iná rìn, ẹ́ńjìnnì kì í sì í wo ọ̀tún tàbí òsì kó tó mọ ibi tó ń lọ. Ẹ́ńjìnnì kì í wò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin méjì ṣì jẹ́ wáyà méjì. Wọ́n ń ta àpótí kékeré kan tó ń mọ̀ bí iná bá ti bríìjì lẹ́nu àlàfo, tó sì ń yí iná òrùka padà kí ọkọ̀ tó dúró. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣáájú àpótí ńlá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn sílẹ̀, torí pé lẹ́tà kan wà níwájú mi tó kó mi lọ́kàn sókè.

Bàbá kan ní atúnṣe òun yọ fíúùsì, ó fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé ojú ibẹ̀, ó ní iná pupa kò ní dà wọ́n láàmú mọ́. Iná pupa ò tàn mọ́ lóòótọ́. Ike abẹ́ irin ló yọ́, ẹsẹ̀ kọ́ọ̀ṣì kan sì rọ mọ́ ojú irin. Ẹ gbọ́ o: àpótí DCC tó ń gbé ámpíà 5 jáde ní fóòtì 15 ń gbé 75 wáàtì, gbogbo rẹ̀ á sì kó jọ sí ojú kan tí kò tó orí ìṣó. Ọmọ yín ló ń fọwọ́ gbé kọ́ọ̀ṣì yẹn. Ẹni tó bá sé ẹnu fíúùsì fún yín, ẹ gba ohun ìní yín lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì padà síbẹ̀.

Kí ẹ tó fi ojú irin DCC yín sílẹ̀ fún ọmọ, ẹ mú owó ẹyọ kan, ẹ gbé e dábùú irin méjèèjì, níbí, lọ́hùn-ún, ní gbogbo apá pákó. Ibikíbi tí ẹ bá gbé e sí, àpótí gbọ́dọ̀ pa ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bó bá ń ta iná tí kò sì pa, ẹ yọ owó náà kíá: wáyà tó dé ibẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ẹ fi èyí tó nípọn dípò rẹ̀, kí ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ irin dáadáa. Wíwé nìkan kò tó.

Fún ẹ̀yin tí ẹ tò ó sí àjà ilé, tí ẹ fi ayùn gé àlàfo, tó sì ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìgbà òtútù, tó wá kú nígbà ooru: irin ti gùn sí i, àlàfo sì ti pa ẹnu dé. Ẹ tún un gé, ẹ ki ike pẹlẹbẹ kékeré kan sí i, ẹ fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi fáìlì rẹ́ orí rẹ̀ títí yóò fi bá irin dọ́gba.