Àtẹ Kékeré, Bọ́tìnnì Márùn-ún

Ẹ jẹ́ kí a wo ìyá kan ní Kétu. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ rẹ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ sí i: «Oko ti de.» Kí ni ó dé? Bí ó bá jẹ́ ọkọ rẹ̀ ni, kí ó gbé ìkòkò kaná. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ni, kí ó di ẹrù rẹ̀ kí ó sì yára jáde. Bí ó bá jẹ́ ọkọ́ tí ó fi ránṣẹ́ sí alágbẹ̀dẹ ni, iṣẹ́ oko yá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìtumọ̀ mẹ́ta.

Àbúrò náà mọ Yorùbá kọ dáadáa. Bí ó bá mú bírò, kò ní gbàgbé àmì kankan. Ṣùgbọ́n lórí kọ̀ǹpútà, kò rí «ọ», kò sì rí àmì ohùn lórí àtẹ bọ́tìnnì tí ó wà níwájú rẹ̀.

Àtẹ bọ́tìnnì ni èyí tí àwọn tí ó gbọ́ Faransé ń pè ní «clavier». Orúkọ náà bá a mu. Ìyálójà a máa to ọjà sórí àtẹ. Ohun tí àwọn ènìyàn ń rà jù ni yóò fi sí ìtòsí ọwọ́ rẹ̀. Èyí tí kò yá ni yóò fi sí ẹ̀yìn. Ta wá ni ó to lẹ́tà sórí àtẹ bọ́tìnnì? Èdè wo ni ó sì tò ó fún?

Àtẹ tí a jogún

Ará Amẹ́ríkà kan, Christopher Latham Sholes, wà lára àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ìlú Milwaukee. Ní 1868, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀. Ní 1874, ilé-iṣẹ́ Remington bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ náà. Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá kan wà tí ó so ó mọ́ lẹ́tà irin. Kí àwọn ọ̀pá náà lè rí àyè kọjá láàárín ara wọn, a kò to àwọn bọ́tìnnì ní ọ̀kánkán. Ìlà kọ̀ọ̀kan yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Lónìí, kò sí ọ̀pá kankan nínú àtẹ kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, àwọn ìlà náà ṣì yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bí ti àtijọ́.

Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé ilẹ̀ Faransé, a pààrọ̀ ipò àwọn lẹ́tà díẹ̀. A àti Z gba ipò Q àti W. Èyí ni àtẹ AZERTY, tí ó wọ́pọ̀ ní Benin àti Togo. Faransé ni a tò ó fún. Nítorí náà, é, è, à àti ù ní bọ́tìnnì tiwọn. Ẹ, ọ àti ṣ kò ní. Á, í, ó àti ú kò ní pẹ̀lú.

Àwọn kan ti tún àtẹ tò fún èdè tiwọn. Ní 1936, August Dvorak, olùkọ́ ní Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí ètò mìíràn fún Gẹ̀ẹ́sì. Ó kó a, o, e, u àti i sábẹ́ ọwọ́ òsì, ní ìlà àárín tí ìka ń sinmi sí. Ní 2019, AFNOR, àjọ tí ó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé, gba ètò méjì wọlé: AZERTY tí a tún ṣe, àti BÉPO, tí a tò láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí èdè Faransé.

Bọ́tìnnì díẹ̀, iṣẹ́ púpọ̀

Àtẹ kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù ní bọ́tìnnì 105. Lójú Eiiti Wada, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Japan, èyí ti pọ̀ jù. Àtẹ tí a ṣe láti inú èrò rẹ̀ jáde ní 1996, bọ́tìnnì 60 péré ni ó ní. Wada fi àtẹ bọ́tìnnì wé gàárì ẹṣin. Bí ẹṣin bá kú lójú ọ̀nà, darandaran Amẹ́ríkà a fi òkú ẹṣin sílẹ̀, ṣùgbọ́n a gbé gàárì rẹ̀ lọ, nítorí gàárì náà ti mọ́ ọn lára. Bákan náà, a lè pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, kí a sì pa àtẹ tí ó ti mọ́ni lọ́wọ́ mọ́.

Àwọn mìíràn kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí a ń pè ní Planck ní ìlà 4, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní àyè bọ́tìnnì 12, gbogbo wọn wà ní ọ̀kánkán. Corne, tí a ṣe ní Japan, pín sí méjì, apá kan fún ọwọ́ kan, kí èjìká má baà fún pọ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì 18 fún àwọn ìka, àti 3 fún àtàǹpàkò. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 42.

Báwo ni bọ́tìnnì 42 ṣe lè ṣe iṣẹ́ 105? Ẹ wo bí a ti ń tẹ lẹ́tà ńlá. Ẹ̀rọ ti 1874 kò lè kọ lẹ́tà kékeré rárá. Ní 1878, Remington mú ẹ̀rọ kejì jáde. Ó ní bọ́tìnnì kan tí a ń tẹ̀ láti yí lẹ́tà kékeré padà sí ńlá. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan wá ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ọgbọ́n kan náà ni ti àtẹ kékeré. Bí àtàǹpàkò bá tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀, àwọn lẹ́tà a di nọ́ńbà. Bí ó bá tẹ òmíràn, wọn a di àmì ìdánudúró àti àwọn àmì yòókù. Ó dà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: ilẹ̀ kan ni, yàrá rẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ kò rìn jìnnà, ohun gbogbo wà ní ìtòsí ìka.

Nínú àtẹ olówó pọ́ọ́kú, rọ́bà ni ó sábà máa ń ta bọ́tìnnì padà sókè. Nínú ọ̀pọ̀ àtẹ kékeré wọ̀nyí, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní sípíríǹgì irin tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, a lè pààrọ̀ òun nìkan. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń lò wọ́n ń ra ẹ̀yà ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn a sì fi ọwọ́ ara wọn tò wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, kíkọ́ rẹ̀ sì gba sùúrù. Kì í sì í ṣe oògùn. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn nítorí ìwé títẹ̀, kí ó lọ rí dókítà.

Márùn-ún lọ, márùn-ún dé

Kí ni èyí kàn fún ẹni tí ó ń kọ Yorùbá? Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá tí ó ní lẹ́tà 25 kò ní c, q, v, x àti z. Bọ́tìnnì 5 nìyí tí ó jókòó láìṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń kọ Yorùbá. Kí ni a sì ń wá? Ẹ, ọ, ṣ, àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀. Àwọn náà jẹ́ 5. Ẹni tí ó ń kọ ɛ àti ɔ, bí álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè Benin ti là á sílẹ̀, lè fi wọ́n sí àyè ẹ àti ọ. Bí ó bá di pé a fẹ́ kọ Faransé, a tẹ bọ́tìnnì kan, àwọn lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ a sì padà sí ààyè wọn.

Kò di dandan kí a ra àtẹ tuntun kí a tó ṣe èyí. Keyman, ètò kọ̀ǹpútà tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́, lè fún àwọn bọ́tìnnì tí ó wà nílẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn. Windows ní ètò Yorùbá tirẹ̀. Lórí tẹlifóònù, Gboard ní Yorùbá láàárín àwọn èdè rẹ̀. Ẹni tí kò mọ bí a ti ń ṣí i, kí ó bi ọ̀dọ́ kan nílé.

Ènìyàn ni ó to àtẹ náà lákọ̀ọ́kọ́. Ènìyàn sì lè tún un tò. Nígbà náà ni àbúrò yóò kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kétu pé: «Ọkọ̀ ti dé.» Ìyá náà kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè. Yóò di ẹrù rẹ̀, yóò sì jáde.