Àlejò ń wá sí Àgbádárìgì, ọ̀pọ̀ kì í sùn: oko àgbọn àti iṣẹ́ abúlé lè dá wọn dúró

Láàárọ̀ ni bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé sábà máa ń dé Àgbádárìgì. Wọ́n á wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ parí ní 1845. Wọ́n á wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n á dé ọjà ẹrú Vlekete, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ ojú omi gba orí ọ̀sà kọjá sí Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sókè òkun láyé àtijọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti dorí kọ Èkó padà. Tẹ́ ẹ bá wo ohun tí wọ́n rà, omi inú ọ̀rá ni, bisikíìtì ni, bóyá pẹ̀lú àgbọn kan tàbí méjì.

Ohun tó yẹ kó ká oníṣòwò lára ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kọjá. Àárín igi àgbọn ni ọ̀nà iyanrìn tó lọ sí etí òkun gbà. Láwọn abúlé tó yí ọ̀sà ká, ẹni tó ń bó àgbọn wà, ẹni tó ń se òróró rẹ̀ wà, ẹni tó ń yan gààrí wà, ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe náà wà. Àlejò á wò wọ́n fìrí, á kọjá lọ. Kò sẹ́ni tó pè é pé kó wá jókòó, kó wo iṣẹ́ náà dáadáa, kó tọ́ ọ wò, kó sì sanwó.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan tí ará oko kà sí iṣẹ́ òòjọ́ lásán wà lára ohun tí ará ìlú ńlá ń wá kiri báyìí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Súúlérè mọ àgbọn tí wọ́n ti là tà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gun igi rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ń jẹ gààrí nílé òbí rẹ̀, àmọ́ ó lè má tí ì fojú rí ẹ̀gẹ́ nínú ilẹ̀. Láwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n ti sọ irú nǹkan yìí dòwò. Àlejò á sanwó kó lè rìn nínú oko, kó fọwọ́ kan iṣẹ́, kó jẹ ohun tó so níbẹ̀, kó sì sùn di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀kọ́ wà l'Àjàṣẹ́

Oníṣòwò Àgbádárìgì kò ní láti wọ bàálù kó tó rí àpẹẹrẹ. Tó bá ti gba ẹnubodè Sèmè kọjá, Àjàṣẹ́ táwọn èèbó ń pè ní Porto-Novo kò jìnnà mọ́. Ibẹ̀ ni oko Songhai wà. Fadá Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà tó jẹ́ àlùfáà ìjọ Kátólíìkì, tó sì ti ṣe olùkọ́ yunifásítì ní Kalifóníà l'Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀ ní 1985 lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan ṣoṣo tí ìjọba orílẹ̀-èdè Benin fún un. Orúkọ ilẹ̀ ọba Songhai àtijọ́ ló fi pe oko náà.

Kì í ṣe torí àlejò ni wọ́n ṣe dá Songhai sílẹ̀. Oko ni látilẹ̀. Wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń sin ẹja, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ àti ìrẹsì. Ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n ń sọ di gáàsì ìdáná. Wọ́n ń fi ìdin bọ́ ẹja, wọ́n sì ń fi omi inú adágún ẹja bomi rin ẹ̀fọ́. Ohun tí ẹ̀ka kan bá dà nù ni ẹ̀ka kejì ń jẹ. Àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló ń lọ síbẹ̀ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀.

Bí òkìkí rẹ̀ ṣe ń kàn làlejò ń pọ̀. Songhai kò jẹ́ kí wọ́n wò lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n sì máa lọ. Ẹni tó fẹ́ẹ́ wo oko á sanwó, afọ̀nàhàn á mú un yíká. Tébi bá ń pa á, ilé oúnjẹ wà níbẹ̀. Tílẹ̀ bá ṣú, yàrá wà tó lè sùn. Kó tó máa lọ, ṣọ́ọ̀bù wà tí wọ́n ti ń ta omi èso àtàwọn nǹkan mìíràn tí wọ́n ṣe látinú oko. Àlejò kan ṣoṣo lè sanwó lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó jáde. Ibi tí èrè wà nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kejì tún wà lára Songhai. Ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers náà dá irú oko bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Bunu-Tai, owó ìjọba ni wọ́n sì fi kọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba pa á tì, oko náà di ahoro. Èyí fi hàn pé oko tí ohun tó ń so kò bá lè bọ́ ara rẹ̀, àlejò kò lè gbà á là.

Oko gbọ́dọ̀ jẹ́ oko

Àwọn ará Ítálì tètè mọ èyí. Lọ́dún 1985 kan náà tí Songhai bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣòfin tó fún àgbẹ̀ láyè láti gba àlejò sínú oko, kó fún wọn lóúnjẹ, kó sì fún wọn ní yàrá. Òfin náà sọ pé iṣẹ́ oko ló gbọ́dọ̀ jẹ́ olórí iṣẹ́, kí gbígba àlejò máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní 2006 kò yí ìyẹn padà. Ẹni tó bá gé igi oko rẹ̀ torí kó lè kọ́ yàrá fún àlejò ti ba ohun tí àlejò ń bọ̀ wá wò jẹ́.

Ní Gánà, oko kòkó kékeré kan wà ní Mampong tí Tetteh Quarshie gbìn ní 1879. Òun ni wọ́n ń pè ní oko kòkó àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà. Àwọn èèyàn ń lọ wò ó títí dòní. Oko náà kò tóbi, ìtàn ẹni tó gbìn ín àti bí kòkó ṣe ń di ṣokoléètì ni wọ́n ń tà. Nílé níbí náà, láti 1984 ni Ọ̀tún'ba Wanle Akinboboye ti dá La Campagne Tropicana sílẹ̀ ní Ikegun, lágbègbè Lẹ́kì, tó sì fi ilé tó jọ ti abúlé ṣe ohun tí àlejò ń wá wò. Kò tijú abúlé, òun gan-an ló fi ń pawó.

Ohun tó wà nílẹ̀ l'Àgbádárìgì

Àgbádárìgì kò níṣòro ìtàn, kò sì níṣòro oko. Àgbọn ni wọ́n fi ń mọ ìlú náà. Agunke làwọn Ègùn ń pè é, òun náà ni wọ́n sì fi sọ ayẹyẹ àgbọn tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lórúkọ, ìyẹn Agunkefest. Ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án sì ni ọjọ́ àgbọn lágbàáyé. Ní Topo, láti 1876 làwọn àlùfáà Kátólíìkì ti dá oko sílẹ̀ tí wọ́n sì gbin àgbọn sí i. Topo yìí kan náà ni ASCON wà lónìí, iléèwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wá gba ẹ̀kọ́ láti gbogbo ìpínlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń wà nílùú fún ọjọ́ púpọ̀, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n á lọ lópin ọ̀sẹ̀. Ní ti ibi tí àlejò lè sùn, ọjọ́ ti pẹ́ tí Whispering Palms ní Ìwọ̀rọ̀ ti fi hàn pé ará Èkó á sanwó kó lè sùn sábẹ́ ọ̀pẹ létí ọ̀sà.

Nítorí náà, kò dìgbà tẹ́nì kan bá kọ́ òtẹ́ẹ̀lì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan nínú oko àgbọn tó. Kí wọ́n fi omi àgbọn tútù pàdé àlejò. Kó wo bí wọ́n ṣe ń gun igi, kó dán bíbó èèpo rẹ̀ wò, kó rin ín, kó fún wàrà rẹ̀, kó wo bí òróró ṣe ń yọ lórí iná. Kó jẹ ẹja ọ̀sà lọ́sàn-án, kó sì gbé ìgò òróró kan lọ sílé. Iṣẹ́ ẹnì kan kọ́ nìyí. Ọlọ́kọ̀ ojú omi, olóúnjẹ, oníṣẹ́ òróró, ẹni tó ń hun ẹní, gbogbo wọn ló máa pín níbẹ̀.

Ìṣirò tó yẹ kéèyàn ṣe

Àpẹẹrẹ lásán lèyí, kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni ń gbà. Ká ní àlejò ogún wá, tí oníkálukú san ₦10,000. Owó tó wọlé jẹ́ ₦200,000. Oúnjẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦3,500, àgbọn tó lò jẹ́ ₦1,000. Fún èèyàn ogún, méjèèjì jẹ́ ₦90,000. Ọkọ̀ ojú omi gba ₦30,000, òṣìṣẹ́ mẹ́rin gba ₦10,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ìnáwó jẹ́ ₦160,000, èyí tó ṣẹ́ kù jẹ́ ₦40,000. Tí gbogbo wọn bá tún ra ìgò òróró kọ̀ọ̀kan tí èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦1,000, ₦20,000 mìíràn ti wọlé. Ṣọ́ọ̀bù kékeré yẹn ti fi ìdajì kún èrè ọjọ́ náà.

Àmọ́ tí èèyàn mẹ́wàá péré bá wá ńkọ́? Owó ọkọ̀ kò ní dín kù, owó òṣìṣẹ́ kò ní dín kù. Owó tó wọlé á jẹ́ ₦100,000, ìnáwó á jẹ́ ₦115,000. Oníṣòwò ti jẹ gbèsè ₦15,000 níyẹn. Nínú ìṣirò yìí, tí àlejò kò bá pé mẹ́tàlá, kò sí èrè. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n gba àsansílẹ̀, kí wọ́n sì sọ iye èèyàn tó gbọ́dọ̀ pé kí ọkọ̀ tó gbéra.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò ṣeé fojú fò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ àti omi ìfọwọ́ ṣe pàtàkì ju ọ̀dà ara ògiri lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, LASWA tó ń bójú tó ojú omi Èkó kò sì gbà fún ọlọ́kọ̀ tó bá rú òfin yìí. Òróró tí wọ́n bá rọ sínú ìgò tà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà NAFDAC. Ẹni tó bá sì fẹ́ẹ́ ní yàrá tàbí ilé oúnjẹ, kó rántí pé òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2009 bu owó orí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé owó tí oníbàárà ń san nírú ibi bẹ́ẹ̀. Kó lọ bèèrè èyí tó wà lójú òfin lásìkò tó fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó tó fi iye lé ọjà rẹ̀.

Àṣà náà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Kí wọ́n gbàṣẹ lọ́wọ́ baálẹ̀ àtàwọn àgbà. Sangbeto kì í ṣe ohun ìṣeré tí wọ́n á máa gbé jáde nígbàkigbà tí àlejò bá fẹ́ẹ́ ya fọ́tò.

Ọ̀nà, ẹnubodè àti owó epo

Ìṣòro tó le jù ni ọ̀nà. Láti 2009 ni ìjọba Èkó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, ojú ẹni tó ń ná an sì ti rí màbo láti ìgbà náà. Ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, 2023 láti Marina dé Máìlì 2 jẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún apá kan ìrìn náà, àmọ́ Àgbádárìgì ṣì jìnnà sí Máìlì 2.

Ẹnubodè náà kò ṣeé gbára lé pátápátá. Oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba àpapọ̀ tì í pa, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí Sèmè padà. Ẹni tó jẹ́ pé àwọn tó ń kọjá lọ sí Kútọnu nìkan ni oníbàárà rẹ̀ jókòó sílé ju ọdún kan lọ. Lóṣù karùn-ún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ sì fò sókè.

Síbẹ̀, wàhálà yìí náà ní èrè tirẹ̀. Owó sẹ́fà so mọ́ owó Yúróòpù, náírà sì ti já wálẹ̀ gan-an láti 2023. Ará Èkó tó máa ń sáré lọ sí Kútọnu lópin ọ̀sẹ̀ ń san iye tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tó bá rí ibi tó dáa l'Àgbádárìgì, kò ní kọjá ẹnubodè. Àmọ́ ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Iléèwé ni ká wá láàárín ọ̀sẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn ti ASCON lópin ọ̀sẹ̀, àwọn ọmọ wa tó ń ti òkè òkun bọ̀ lóṣù Disẹ́ńbà.

Èyí tó yẹ kí wọ́n yára sí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ilẹ̀ etíkun ń di ilẹ̀ ilé, ọ̀rọ̀ èbúté ńlá tí wọ́n ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ sì ń jẹ́ kí owó rẹ̀ máa gbówó lórí. Ẹbí tó bá ta oko àgbọn rẹ̀ á gba owó lẹ́ẹ̀kan, á ná an tán. Igi àgbọn gíga sì ń lo ọdún mẹ́fà sí méje kó tó so. Ẹni tó gé e lónìí kò lè rí i padà lọ́la. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ onílẹ̀ padà di ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò lórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ tà. Tí ẹnikẹ́ni kò bá fi hàn láìpẹ́ pé oko àgbọn tó wà lóòró lè mú owó wálé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó ń ra ilẹ̀ ló máa borí.

Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Oníṣòwò tó bá fẹ́ẹ́ bẹ̀rẹ̀ lè kọ́kọ́ fi ọjọ́ kan lọ wo Songhai, kó sanwó bí àlejò, kó sì kọ gbogbo ibi tí wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé yẹn ló máa fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.