Bí A Ti Ń Se Ẹ̀wà Rọ̀ Láìlo Kán-ún

Ìyàwó ilé wo ni ó wà ní Ìkòròdú tàbí ní Ẹ̀pẹ́ tí kò tí ì bá ẹ̀wà olóríkunkun pàdé? Omi ń hó, igi ìdáná ń tán lọ, ẹ̀wà kò sì rọ̀. Nígbà náà ni a máa ń na ọwọ́ sí kán-ún.

Ìdí tí ó fi ń le bẹ́ẹ̀ kò farasin. Láti Òkè Ọya ni púpọ̀ nínú ẹ̀wà ọjà wa ti ń wá, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Bí ó bá dé etí ọ̀sà, tí ó sì pẹ́ nínú ilé ìpamọ́ tí ó móoru tí ó sì lọ́rinrin, hóró rẹ̀ a yí padà, omi kì í sì í rọra wọ inú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀wà funfun tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣú jẹ́ èyí tí ó ti pẹ́. Owó tí a rò pé a dín nídìí rẹ̀, igi ìdáná ni yóò gbà á.

Lóòótọ́ ni kán-ún ń mú un rọ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ó ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́, èyí tí iṣan àti ọkàn kò lè ṣe aláìní. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kò yọ nínú ọ̀ràn yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ se mushy peas, wọ́n a fi sódà, tí ó dàbí ọmọ ìyá kán-ún, sínú omi tí wọ́n fi rẹ pea gbígbẹ mọ́jú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní oúnjẹ mìíràn, pease pudding, tí wọ́n ń fi pea tí a ti bó tí a sì là sí méjì sè. Èyí kò nílò sódà, nítorí èèpo tí ń dènà omi ti kúrò. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn ará Ọ̀yọ́ ń lò fún gbẹ̀gìrì.

Kí a ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, kí a fi ọmọ ọlọ là á lórí ọlọ, kí ó má ṣe kúnná. Kí a rẹ ẹ́ sínú omi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ ra á. Èèpo yóò léfòó, kí a sì dà á nù. Kí a dà á sínú omi tí ń hó pẹ̀lú àlùbọ́sà, kí a dín iná kù, kí a máa bu ìfófó rẹ̀ dànù. Ní nǹkan bí wákàtí kan, bí ẹ̀wà náà kò bá gbó jù, yóò ti fọ́ fúnra rẹ̀. Kí a fi ìjábẹ̀ lù ú. Epo, iyọ̀, ata àti ẹja gbígbẹ Ẹ̀pẹ́ tí a gún ni ó kù.

Ọmọ tí a ń já lẹ́nu ọmú ni ọ̀ràn yìí kàn jù. Ní 1933 ni Dókítà Cicely Williams, tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, kọ̀wé lórí àìsàn àwọn ọmọ tí ń jẹ kìkì àgbàdo. Ní 1935 ó pè é ní kwashiorkor, orúkọ tí àwọn Gã ń pè é, àìsàn ọmọ tí àbúrò ti gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ara a wú, irun a pọ́n. Nínú ìwọ̀n 100 ẹ̀wà gbígbẹ, nǹkan bí 23 ni ohun tí ń mú ara dàgbà. Nínú gàrí, ó lè má ju 1 tàbí 2 lọ. Nítorí náà kí a bu ti ọmọ tí ó ti pé oṣù mẹ́fà kí a tó fi iyọ̀ àti ata sí i, kí a pò ó mọ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kí ó sì máa mu ọmú lọ.