Ìrísí Ni Kí Ayàwòrán Kọ́kọ́ Mú: Ẹ̀kọ́ Lára Ìkòkò Ladi Kwali

Bí owó ogún náírà bá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ Yorùbá kan ní Abuja, kí ó yí i padà, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Obìnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Ladi Kwali ni, ògbóǹtagí amọ̀kòkò. Abúlé Kwali tí wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1925 wà nínú Agbègbè Olú-ìlú Ìjọba Àpapọ̀ lónìí. Ọ̀dọ́ tí ó ń fi pẹ́ńsùlù kọ́ àwòrán yíyà yóò rí ẹ̀kọ́ ńlá kọ́ lára iṣẹ́ obìnrin yìí.

Ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ ni Ladi ti kọ́ iṣẹ́ ní kékeré. Amọ̀ tí a fi ọwọ́ yí gbọọrọ bí okùn ni ó ń tò lé ara wọn, tí yóò sì máa rìn yí ìkòkò náà ká títí tí ikùn àti ọrùn rẹ̀ yóò fi gún régé. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó fín alángbá, ọ̀nì, àkeekèé àti ẹja sí i lára. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, rí ní ààfin Ẹ́míà Abuja. Ní 1954, Ladi wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ tí Cardew dá sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, èyí tí a mọ̀ sí Suleja ní Ìpínlẹ̀ Niger lónìí. Òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó kọ́ ọgbọ́n tuntun, kò sì sọ ti àtijọ́ nù. Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní 1977, kí ó tó di olóògbé ní 1984.

Ètò kan náà ni àwọn agbẹ́gilére wa nílẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀ lé. Ọnà lílé ni ó ṣáájú, èyí tí í ṣe gígé igi sí ìrísí ńláńlá. Àlétúnlé tẹ̀ lé e, níbi tí a ti ń ya orí, apá àti ẹsẹ̀ sọ́tọ̀. Dídán ni ó kàn. Fínfín ni ó gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fín irun sí orí tí kò tíì gún, iṣẹ́ asán ni ó ṣe.

Àṣìṣe yìí gan-an ni ó sábà máa ń bá ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwòrán. Yóò ti máa ka fọ́nrán irun nígbà tí agbárí kò tíì jókòó. Kí ó gbé ìkòkò kan sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ó sì ya ohun tí ojú rẹ̀ rí, kì í ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ mọ̀. Ọkàn mọ̀ pé ẹnu ìkòkò rí róbótó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó sí iwájú rẹ̀ yóò rí i pé ó tẹ́ pẹlẹbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá àti ibi tí òjìji sùn sí. Bí ara ìkòkò bá rí ṣágiṣàgi, agbede-méjì ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ni èyí ti ń hàn jù. Ilà tí a bá sì fà gbọ́dọ̀ tẹ̀ bí ikùn ìkòkò ti tẹ̀. Bí ó bá ń dán, ìmọ́lẹ̀ yóò kọ mànà ní ojú kan.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ń lanà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Nítorí náà, ojú ẹlòmíràn ṣe pàtàkì. Òbí tí ó ń wí pé “ó dára” sí gbogbo àwòrán kò ran ọmọ lọ́wọ́. Èyí tí ó ń fi í ṣẹ̀sín pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, ó ń pa ẹ̀bùn. Kí ó gbé àwòrán náà jìnnà díẹ̀, kí ó bi ọmọ léèrè pé: “Ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti wá? Èwo ni ó wà níwájú, èwo ni ó wà lẹ́yìn?” Kí ọmọ tún ohun kan náà yà lọ́jọ́ kejì, kí a sì fi méjèèjì wé ara wọn.

Amọ̀kòkò mọ̀ pé amọ̀ tútù ni a ń tún mọ. Ìkòkò tí ó ti jinná nínú iná kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Kí àwọn òbí tí ó wà ní ìdálẹ̀ tètè fi ìfẹ́ tọ́ ọwọ́ ọmọ wọn sọ́nà nígbà tí amọ̀ ṣì tutù.